Ṣíbí Agogo Mẹ́wàá

"Kò sunkún rárá, Mọ́mì Dámiláre. Ẹ fọkàn yín balẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ jàre. Oorun ló ń sùn bí ọba."

Bí Ìyá Láyọ̀ ṣe dáhùn nìyẹn. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ká aṣọ àwọn ọmọ tó ti gbẹ lórí okùn. Inú ẹ̀ dùn gan-an. Inú ta ni ò ní dùn? Ọmọ méje ló wà nínú pálọ̀, agogo méjìlá ọ̀sán ti fẹ́ẹ́ lù, kò sí ìkankan tó ń ké.

"Ó ń sùn?" Ohùn Mọ́mì Dámiláre yí padà. Kíṣìnì yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń pè, ariwo ìkòkò gba ẹ̀yìn ẹ̀ kan. "Láti ìgbà wo?"

"Láti bí agogo mẹ́wàá kọjá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i. Nọ́ọ̀sì ní ká máa jí i mu omi, kí ọ̀fun ẹ̀ má baà gbẹ. Ṣé ẹ ti fún un ní pàrá tí mo kó sínú báàgì ẹ̀?"

"Mo ti fún un."

"Ẹ ò fún un ní nǹkan mìíràn ṣá? Torí wọ́n kìlọ̀ fún mi dáadáa kí wọ́n tó jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ní ọmọ tó ti máa ń hanrun, tí èémí ẹ̀ máa ń dá lójú oorun kí wọ́n tó gé bélúbélú ẹ̀, oògùn tó ń kunni lóorun ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹ̀. Wọ́n ní ó lè sùn kó má mí mọ́."

Ṣòkòtò kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Láyọ̀, ó balẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Kí ni mo tún fẹ́ fún un?" ló sọ. "Pàrá nìkan ni."

Àjọkẹ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìkìrun, àmọ́ ní Ìjòkó, tí èèyàn bá béèrè Àjọkẹ́, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Ìyá Láyọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Ọkọ ẹ̀, Dúrótoyè, ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin ní Sàngó, òun náà sì di ẹrù tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń dìde lọ́tùn-ún lósì. Àwọn obìnrin ń ríṣẹ́: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ta ló máa wá bá wọn tọ́jú ọmọ? Ìyá Láyọ̀ kó àga kúrò ní pálọ̀, ó tẹ́ ẹní, ó di alágbàtọ́. Kò kọ nǹkan kan sára ògiri, síbẹ̀ àwọn ìyá máa ń gbọ́mọ láti Jojú, wọ́n á fi kíréèṣì mẹ́ta sílẹ̀ lọ́nà, wọ́n á wá sọ́dọ̀ ẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ kan tiẹ̀ jẹ́rìí ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ òun ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni ẹkún ti tán nílé òun. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ṣíbí agogo mẹ́wàá.

Ìyá àgbà kan tó ń gba ọmọ tọ́ ní Àtàn ló kọ́ ọ. Oògùn ikọ́ ni, aláwọ̀ búráùn, ó dùn bí oyin, kò sí kẹ́mísì tí wọn kì í ti í tà á. Ọmọ ń wúkọ́, kò wúkọ́, tí agogo mẹ́wàá bá ti lù, ṣíbí kan ni. Èyí tí ò tíì lè rìn, ààbọ̀. Tó bá fi máa di mẹ́wàá ààbọ̀, gbogbo wọn á ti sùn lọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣe é, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Á wẹ̀ wọ́n, á fi òróró pa wọ́n lára. Ó mọ ẹni tó máa ń mu àtàǹpàkò àti ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára aṣọ kó tó lè sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ṣíbí méjì ni Dámiláre mu. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ọjọ́ kẹta iṣẹ́ abẹ ẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì fún ìyá ẹ̀ láyè níbi iṣẹ́ mọ́. Ó di ọ̀fun mú, ó ń sunkún, ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ omi. Ìyá Láyọ̀ wò ó pé ẹkún yìí á ya ojú ọgbẹ́. Àánú ẹ̀ ṣe é. Àánú yẹn ló jẹ́ kó bu ìkejì.

Ó pa fóònù, ó wọ pálọ̀. Àwọn ọmọ tò sórí ẹní, Dámiláre wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ń hanrun. Ìhanrun náà dá. Ìyá Láyọ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ọkàn ẹ̀, ó ka ẹyọ kan, ó ka méjì, ó kà á dé mẹ́sàn-án, kí ọmọ tó fa èémí bí ẹni tí wọ́n yọ jáde nínú omi. Ó rẹ́rìn-ín ara ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ojo." Ìhanrun tún dá. Ó kà á dé mẹ́rìndínlógún.

"Dámi! Dámiláre!"

Ó mì ín. Ó wọ́n omi sí i lójú. Ojú kan là díẹ̀, funfun ẹ̀ ló hàn, ó tún padé. Ètè ẹ̀ ti ń dà bí ètè ẹni tó mu yíǹkì búlúù.

"Nàfísátù! Nàfísá o!"

Nàfísátù, télọ̀ tó wà nínú ọgbà kan náà, sáré dé pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Jókòó ti àwọn ọmọ yìí. Jí wọn. Má jẹ́ kí ìkankan sùn."

"Kí n jí wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí n má tẹ máṣíìnì kí ariwo ẹ̀ má baà jí wọn?"

"Mo ní kó o jí wọn!"

Ó ti pọn Dámiláre, ó ti wà lórí ọ̀kadà. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fa ọmọ náà létí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké. "Ké fún mi. Jọ̀ọ́, ọkọ mi, ké." Orí ọmọ kàn ń gbá a lẹ́yìn ni.

Ọsibítù kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Dókítà Afọlábí gba ọmọ náà, nọ́ọ̀sì fi nǹkan bo imú ẹ̀, ó ń tẹ bálùù kan láti fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

"Ìyá, kí lẹ fún un?"

"Pàrá, dókítà. Wọ́n gé bélúbélú ẹ̀ níjẹta."

Dókítà fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyinjú ọmọ. Ó gbé orí sókè.

"Ìyá, ojú yìí kì í ṣe ojú pàrá. Ẹ gbọ́ mi. Tí mi ò bá mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ibi tí mi ò mọ̀ ni mo ti máa máa wá a kiri."

Ìyá Láyọ̀ wo ilẹ̀. Ó rí ọdún mẹ́jọ. Ó rí ìyàwó pásítọ̀ àti gbogbo ìjọ tó ń pàtẹ́wọ́, ó rí Dúrótoyè tí ilé iṣẹ́ ti ní kó máa lọ sílé láti oṣù tó kọjá. Ó gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró láti wò ó bóyá ọmọ á mí fúnra ẹ̀. Àyà kékeré yẹn ò gbéra.

"Oògùn ikọ́," ló sọ. "Aláwọ̀ búráùn. Ṣíbí méjì, lágogo mẹ́wàá."

"Ṣíbí tíì?"

"Ti ọbẹ̀."

Dókítà na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ bọ́ sínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló wá béèrè láì wojú ẹ̀: "Òun nìkan lẹ fún?"

"Gbogbo wọn."

Nígbà tí Mọ́mì Dámiláre dé, èpírọ́ọ̀nù iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, ọmọ ti ń mí, ó tiẹ̀ ti ké lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má yọ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ yìí máa ń tán lára kí oògùn tó tán, oorun náà lè padà wá gbé e, wọn ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ títí di ọ̀la. Mọ́mì Dámiláre ò pariwo. Ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú, ó kẹ̀yìn sí Ìyá Láyọ̀.

"Mo bi yín. Mo bi yín lórí fóònù."

"Ẹ bi mí."

"Ẹ lọ sọ fún àwọn yòókù. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e délé, ó yẹ àwọn mẹ́fà yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara wọn le, àfi Tamílọ́rẹ, èyí tó kéré jù, tí nọ́ọ̀sì ò gbà kó kúrò lórí ẹsẹ̀ òun.

Agogo márùn-ún kọjá. Ìyá Láyọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Mọ́mì Ẹ̀bùnolúwa ló kọ́kọ́ dé, ó mú ọsàn dání fún un.

"Ìyá wa! Ṣé ọmọ mi ò yọ yín lẹ́nu?"

Ìyá Láyọ̀ sọ ọ́. Ó sọ orúkọ oògùn, ó sọ iye ṣíbí, ó sọ iye ọdún. Ẹ̀rín ò tètè kúrò lójú obìnrin yẹn, àfi bí ẹni pé ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ọmọ ẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu ẹ̀. Nígbà tó ń jáde, kò wo ẹnikẹ́ni.

Fóònù dún. Láti ọsibítù ni. Dámiláre ti tún sùn lọ, wọ́n ti tún gún un lábẹ́rẹ́, ó ń mí, wọ́n ń wò ó. Kò sí ohun tí wọ́n tún lè sọ jùyẹn lọ.

Láti orí títì, àwọn ìyá mẹ́ta ń bọ̀ pa pọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ju ọwọ́ sí i láti òkèèrè. Ìyá Láyọ̀ nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró.

Láyọ̀, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ti iléèwé dé, tí ò tíì mọ nǹkan kan, yọrí lójú fèrèsé kíṣìnì.

"Màámi! Ẹ̀bà ti ń tutù o! Ẹ wọlé wá jẹun!"