Ojú Òsì Dontrelle Guidry

Ìka ọwọ́ ni. Nínú oṣù kẹwàá, níbi tí wọ́n ti ṣubú lé ara wọn nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ìka ẹnì kan gba iwájú akoto Dontrelle Guidry wọlé, ó sì gún un lójú òsì. Ó nu omijé nù, ó padà sójú pápá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló di ojú ọ̀tún, tó wo Odessa ìyàwó rẹ̀. Ìdajì ojú obìnrin náà ti wọ òkùnkùn, bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ dúdú sí i.

"Lọ sọ fún dókítà ẹgbẹ́ yín," Odessa sọ.

"Tá a bá gbá ti ọdún yìí tán."

"Dontrelle, ojú ni mò ń wí o, kì í ṣe èékánná!"

"Ṣó o mọ iye àwọn ọmọ tó ń dúró kí n kúrò níbẹ̀? Tí mo bá jókòó sílé lọ́sẹ̀ kan péré, ó parí nìyẹn."

Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Plaquemine, létí odò ní Louisiana, ni wọ́n bí i sí, kò sì sí yunifásítì ńlá kankan tó fẹ́ kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ti lé e kí ẹgbẹ́ ìlú olótùútù yìí tó gbà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sáré gba etí pápá lọ, kó bojú wẹ̀yìn, kó sì hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i látòkèèrè, nígbà tí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ níhà ń mí sí i lọ́rùn. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àgbà sì nìyẹn nídìí iṣẹ́ náà. "Bàbá," àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, "ṣé ẹ ti lo oògùn làkúrègbé yín?"

Ó dọ́gbọ́n sí i. Apá òsì pápá ló máa ń dúró sí, nítorí láti ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ń gbà wá bá a, ojú tó dáa sì ń rí i. Nílé, ó ń da kọfí sí ẹ̀gbẹ́ ife. Odessa á nu tábìlì.

Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, wọ́n bá ara wọn nínú ìdíje tí ẹni tó bá fìdí rẹmi á lọ sílé. Yìnyín ń bọ́. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, ọ̀dọ́kùnrin tó wà lápá ọ̀tún fi kókósẹ̀ ṣẹ́.

"Guidry! Bọ́ sápá ọ̀tún!" Kóòṣì Brandvold pariwo.

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n wà níbi tí mo wà."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè ni?"

Ó lọ. Ó sáré ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó yí ọrùn sósì, kò rí nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù bà á léjìká, ó já bọ́. Gbogbo èrò hó lé e lórí. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń rẹ́rìn-ín: "Àgbààyà! Lọ sùn nílé jàre!"

Àmì mẹ́rin ni àwọn ọ̀tá fi ń ṣíwájú wọn, ẹni tó bá sì gbé bọ́ọ̀lù wọlé á gba mẹ́fà, ṣùgbọ́n aago ti fẹ́ tán. Wade Tollefson, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, kó wọn jọ yí ara rẹ̀ ká. "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ náà ni. Ibi tó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Wọn ò rò pé mo tún lè jù ú síbẹ̀."

Dontrelle rò ó wò. Bóyá bọ́ọ̀lù á bọ́ sí i lọ́wọ́. Bóyá. Ó wo àwọn tó yí i ká, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn.

"Má jù ú sí mi."

"Kí lo wí?"

"Ojú òsì mi ò ríran mọ́, Wade. Ó ti pẹ́."

"Jésù!" Ostrowski, òmìrán àárín wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wade gbá a láṣọ mú. "Ìsinsìnyí lo wá ń sọ ọ́?" Ó tú u sílẹ̀. "Ó dáa. Sáré bí ẹni pé tìẹ ni. Jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ máa lé ọ lọ. Ostrowski, wà láàárín, ìwọ ni mo máa jù ú sí."

Dontrelle sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan gba apá tí kò ríran já lù ú, ó ṣubú sínú yìnyín. Ó gbọ́ ariwo èrò, kò mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti lajú, títí Ostrowski fi fà á dìde: "Mo ti gbé e wọlé! A ti borí!"

Nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, àwọn yòókù ń jó. Wade wá jókòó tì í.

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún wọn, àbí kí n lọ sọ?"

"Mò ń lọ."

"Jẹ́ ká jọ lọ."

Dókítà tan iná sí ojú náà. "Ta ló ní kó o máa gbá bọ́ọ̀lù?"

"Kò sẹ́nì kankan, dókítà."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n òjìji nìkan ni ojú náà ń rí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹgbẹ́ tó tún pè é.

Odessa ló wa ọkọ̀ wọn padà sí Louisiana. Ojú ọ̀nà ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo bẹ̀ ọ́ fóṣù mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin inú yìnyín wọ̀nyẹn lo wá lọ sọ fún."

Nígbà tó yá, Dontrelle ní kó yà síbi tí wọ́n ti ń se edé aláta lẹ́bàá ọ̀nà, kí àwọn jẹun. Odessa yà síbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kò dúró dè é.