Ẹni Tó Ní Kí Afọ́jú Má Dìde

Iṣẹ́ lílẹ lẹ́tà ìjọba mọ́ ilẹ̀kùn ni ọkùnrin náà fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Korobá gọ́ọ̀mù kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, débi pé Bàbá Gọ́ọ̀mù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá dúró lójú kan pẹ́ jù, ọkọ òun á lẹ lẹ́tà mọ́ òun lẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni o, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ tì pa ni o, á lẹ̀ ẹ́, á bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́tà bá ti wà lára ilẹ̀kùn, lójú òfin, onílé ti gbọ́; bí kò bá fèsì kí gbèdéke tó pé, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dé ilé bíríkìlà arúgbó kan tí ọ̀nà tuntun fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ara bàbá yìí ló fi mọ ilé náà kí ojú rẹ̀ tó fọ́, òun nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ń ha pákó.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ má wulẹ̀ dìde, mò ń lọ báyìí."

Bàbá súre fún un. Òjò alẹ́ ọjọ́ náà fọ lẹ́tà dànù.

Ìgbà tí ọmọbìnrin bàbá wá kí i, tó bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri, ni wọ́n tó mọ̀ pé ilé fẹ́ di wíwó. Gbèdéke ti kọjá. Obìnrin náà kò gbà, ó gbé ọ́fíìsì ìjọba tó kọ lẹ́tà náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú.

Lọ́yà ọ́fíìsì bi Bàbá Gọ́ọ̀mù bóyá ó lẹ lẹ́tà náà. Ó ní òun lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó dúró síbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì kì í sọ̀rọ̀ jù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i pé wọn ò ríran. Wọ́n bi mí pé ta ni, mo ní kí wọ́n má dìde."

Ojú ti Bàbá Gọ́ọ̀mù gan-an.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ́fíìsì yẹn sì ti ń gbọ́ tẹnu ara rẹ̀ nìkan láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí ìlànà padà: ẹni tó bá mú lẹ́tà lọ gbọ́dọ̀ rí onílé, kó kà á sí i létí, kí gbèdéke tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kò lé Bàbá Gọ́ọ̀mù, àmọ́ kò dá a lóhùn mọ́ bó bá kí i. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jù sí i lábẹ́ ìlànà tuntun, ti ilé bíríkìlà ni.

Ó fi korobá sílé. Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

"Ará ọ́fíìsì ni, bàbá."

"Mo mọ ohùn yìí. Ìwọ lo ní kí n má dìde."

"Èmi ni, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Kà á."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kà á dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti wá sọ tẹnu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilé náà. Bàbá ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà.

Bàbá na ọwọ́ sí i. "Ìwọ tó o ní kí n má dìde, wá fà mí dìde. Ọ́fíìsì yín là ń lọ."