Ìdìmú Wàláà Bàbá Wa

Àbúrò mi ni Mojeed. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ló ń kàn fáwọn èèyàn ní Markham, nílùú òyìnbó tí à ń gbé níbí. Ṣùgbọ́n tí òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru bá dé, á wọ aṣọ híhun kan báyìí, á gba ọjà tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe bí ará ayé àtijọ́ lọ. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, ahunṣọ wà níbẹ̀. Tiẹ̀ ni kó máa fọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ èèyàn sára pákó, ní lẹ́tà rune tí àwọn ará ìlú òtútù ń kọ láyé ọjọ́un. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aáfà àwọn òyìnbó ni.

Bàbá wa ní Ìwó ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gbẹ́gi. Wàláà ni wọ́n ń gbẹ́ fún àwọn ọmọ ilé kéwú, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ kéwú sí, tó ní ìdìmú lókè. Nígbà tí wọ́n kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, orí fóònù la ti wo ìsìnkú wọn. Láti ìgbà náà ni gbogbo pákó Mojeed ti ń ní ìdìmú. Èmi rí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Jessica, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọjà náà, sọ pé ìdìmú kò sí lára pákó àwọn ará àtijọ́ wọn. Mojeed wá sọ fún mi.

"Àǹtí mi, wọ́n ní kí n gé e kúrò before ọjà Sunday bẹ̀rẹ̀, àbí kí n lose stall yẹn."

"Gé e jàre! Ṣebí pákó lásán ni."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo bá a lọ ní Sunday. Kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ayùn gé ìdìmú mọ́kànlá, kò gbójú sókè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ta gbogbo pákó. Ó wá ṣa àwọn ìdìmú sínú ọ̀rá.

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Dà wọ́n nù."

Ó so ẹnu ọ̀rá náà, ó gbé e há abíyá.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sílé ní Etobicoke, oorun gbé e lọ. Mo tọwọ́ bọ ọ̀rá, mo mú ìdìmú kan. Bàbá máa ń ha ẹ̀gbẹ́ kan jìn díẹ̀, kí àtàǹpàkò ọmọdé lè rí ibi sinmi lé. Mojeed náà ti ha á. Ibẹ̀ gan-an ni àtàǹpàkò mi bọ́ sí. Mo bú sẹ́kún, ẹkún tí mi ò rí sun níwájú fóònù lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá.

Mojeed ta jí. "Àǹtí mi, what happened?"

"Gbẹ́ wàláà kan fún mi," mo ní. "Má kọ nǹkan kan sí i. Ṣáà jẹ́ kó ní ìdìmú."