Ikọ́ Ọkọ̀ Yìnyín Ọbáfẹ́mi Akínbọ̀dé

Gbogbo ìjọ ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Ọbáfẹ́mi Akínbọ̀dé da ènìyàn mẹ́rìnlá dojú bolẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Norcross, níbi tí àwọn ará ti pé jọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Òun ni ó yẹ kí ó gbàdúrà ìparí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ka ẹsẹ tó kẹ́yìn, ó rọra yọ́ lọ sí gáréèjì, ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó wá yìn gbàù bí ìbọn. Àwọn ará ti gbé Amẹ́ríkà pẹ́ tó, wọn kò dúró béèrè ohun tó dún: díákónì wọ abẹ́ tábìlì, àwọn tó kù na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi padà wọlé, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ó wo gbogbo wọn nílẹ̀, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò dúró dè mí," ni ó wí. "Ẹ máa bá àdúrà lọ."

Péjú, ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kò kúrò lórí àga. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní kẹ́mísírì kì í dọ̀bálẹ̀ fún èéfín.

Ọkọ̀ yìnyín ni ẹ̀rọ tó dá rúkèrúdò yìí sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà ń gùn bí alùpùpù nígbà òtútù: ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà lẹ́yìn. Ọbáfẹ́mi lọ sí gbàǹjo kan ní Austell láti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Èyí ni ó gbé dé.

"Bàbá Joanna, ṣé èyí ni yóò gé koríko?" ni Péjú béèrè.

"Olùkọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ta ẹ̀rọ koríko."

"Yìnyín mélòó ni ẹ ti rí ní Atlanta láti ọjọ́ tí a ti dé?"

"Mẹ́rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì bá mi láìní nǹkan tí mo lè gùn."

Ẹ̀rọ náà wọ gáréèjì, ọkọ̀ Péjú sì bọ́ síta. Ní gbogbo ìgbà ìrúwé, lẹ́búlẹ́bú igi páìnì máa ń bò ó títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí wọ́n da gààrí elépo lé lórí. Nígbà tó di ọdún kejì, Péjú fi òfin lélẹ̀: bí yìnyín bá tún jábọ́, tí ẹ̀rọ yìí kò bá lè gbé ọkọ òun dé ṣọ́ọ̀ṣì láìhúkọ́, ẹ̀rọ yóò kúrò, ọkọ̀ òun yóò wọlé. Joanna, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bàbá ní kí wọ́n fi kún un pé ìyàwó òun kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún yìnyín.

Iṣẹ́ mímí ni Ọbáfẹ́mi fi jẹun ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó fi tọ́jú àwọn tí mímí ṣòro fún ní ilé ìwòsàn, nítorí náà ó tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà bí ènìyàn. Ó gbé ẹ̀rọ tí ó fi ń gbọ́ àyà àwọn aláìsàn lé e lára, ó di ojú, ó ń mi orí. Ó so pákó ìkọ̀wé kan mọ́ ọwọ́ ìdarí rẹ̀, ó kọ sí i pé: Aláìsàn, obìnrin. Ọjọ́ orí, ọdún mọ́kàndínlógún. Àìsàn, ikọ́ tó ń burú sí i bí a bá ní kí ó sáré. Ní ìlà tó kẹ́yìn ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Kò ní ẹbí ní Georgia.

Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ìyẹn irin kékeré tí ń ṣáná kí epo lè jó. Ikọ́ kò lọ. Nathaniel aládùúgbò wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Michigan, tó sì ti gun irú ọkọ̀ yìí rí, yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀.

"Uncle, plug yìí ti rin. Oil pọ̀ jù."

"Òógùn ni. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Plug kì í làágùn, Uncle."

"Plug ọ̀lẹ ni kì í làágùn."

Ohun tí Nathaniel kò mọ̀ ni ohun tí Ọbáfẹ́mi ń ṣe lẹ́yìn ilé. Kí ó tó wá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ iṣẹ́ títún alùpùpù ṣe ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn. Àwọn alùpùpù ìgbà náà kò ní àgbá ọ́ìlì tiwọn. Àfi kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù kí ó tó rọ ọ́ sí wọn. Agolo mílíìkì ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń wọ̀n ọ́n, Ọbáfẹ́mi sì gbé agolo yẹn gan-an wọ bàlúù. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, yóò lọ po epo rẹ̀ níkọ̀kọ̀, bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ èròjà rẹ̀.

Péjú ni ó ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Abẹ́ ìjókòó ni ó ti rí i, nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Ìwé náà wí pé ẹ̀rọ yìí ní àgbá ọ́ìlì tirẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bu iye tó bá tó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ó rántí agolo mílíìkì. Ẹ̀rọ tó ti jẹun yó, tí ọkọ òun tún ń rọ oúnjẹ sí lẹ́nu: báwo ni kò ṣe ní húkọ́?

"Bàbá Joanna, ẹ gbọ́ ohun tí ìwé wí."

"Ta ni ó kọ ọ́?"

"Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà."

"Ṣé wọ́n dé Mókọ́lá rí?"

"Ọ́ìlì àpọ̀jù ló ń pa iná plug yín."

"Olùkọ́, ọ́ìlì ni kò tó." Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ààbọ̀ agolo kún un.

Kò sí ohun tó kù fún Péjú ju kí ó jókòó de yìnyín, kí ó sì gba gáréèjì rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ó dúró lójú wíńdò, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ó ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dúró, ó fọwọ́ ti ògiri, ó la ẹnu sílẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn nípa ọkàn rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó ti wá èémí fún gbogbo ènìyàn kò rí tirẹ̀ mí tó mọ́.

Nígbà tí Péjú dé gáréèjì, ó bá a tó jókòó ti ẹ̀rọ náà. "Olùkọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́, "n kò fẹ́ kí èyí borí mi."

Bí ó ti wọlé lọ sinmi, Péjú pe Nathaniel. Wọ́n fa epo inú ẹ̀rọ náà jáde, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n rọ bẹntiróòlù lásán sí i. Epo tí Bàbá pò, Nathaniel gbé e lọ, nítorí ẹ̀rọ tí ó fi ń fẹ́ ewé kúrò nílẹ̀ kò mu epo mìíràn ju èyí tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́. Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kò kọjá kí wọ́n má pààrọ̀ epo.

"Aunty, ṣé a ò ní sọ fún Uncle?"

"Kí ni o gbé lọ́wọ́ yẹn?"

"Petrol."

"Petrol kì í sọ̀rọ̀."

Nínú oṣù Kìíní, yìnyín bo Norcross. Wọ́n ti ilé ìwé, àwọn ọkọ̀ ńlá ń yọ̀ lójú títì. Ọbáfẹ́mi wọ ẹ̀wù òtútù méjì, ó dé fìlà rẹ̀, ó fa okùn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dún rere bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gùn ún dé ṣọ́ọ̀ṣì láìhúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, nítorí kò sí ìsìn. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò dé.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó jẹ́rìí fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní etí lásán ni òun fi wo ẹ̀rọ náà sàn. Péjú, tí kò jẹ́ kí ọkùnrin kankan sọ àṣìṣe lójú rẹ̀ kí ó má tún un ṣe rí, títí kan bíṣọ́ọ̀bù méjì, fi ìwé orin bo ẹnu.

"Mummy, ṣé ara yín yá?" ni Joanna béèrè.

Ọbáfẹ́mi kú nínú oṣù Kẹjọ, ní ọ̀sán, nínú àga rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Joanna sọ pé ọkùnrin kan ní Fayetteville, tó ń yá àwọn olùṣe fíìmù ní nǹkan èlò, fẹ́ ra ọkọ̀ yìnyín náà. Péjú lọ sí gáréèjì láti nù ún. Ibẹ̀ ni ó ti ka pákó ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ yìnyín: Aláìsàn ti sàn. Mo gbóòórùn epo rẹ̀, kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Dókítà tó wò ó sàn kò fẹ́ kí a dárúkọ òun, nítorí náà mo ń bá a tọ́jú ògo rẹ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ó mọ̀," ni ó wí. "Ó sì jẹ́ kí n máa gbé epo kiri fún oṣù méje." Ẹ̀rín mú un títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Mummy, ṣé kí n ní kí ọkùnrin yẹn máa bọ̀?"

"Sọ fún un pé aláìsàn yìí ní ẹbí ní Georgia."

Nígbà tí Joanna lọ, Péjú bọ́ síta, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, ó mú agolo mílíìkì lẹ́yìn ilé. Ó wọn ọ́ìlì, ó fi ààbọ̀ kún un, ó pò ó mọ́ epo, ó rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì gbayawu, ó sì fa okùn. Ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó yìn gbàù.

Nathaniel gbé orí sókè láàárín òkìtì ewé tó ń gbá. "Aunty, plug yẹn ti rin o."

"Ó ń làágùn ni," ni Péjú wí. "Ó ń ṣiṣẹ́."

Ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó fi ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń gbọ́ àyà sétí, ó di ojú, ó sì ń tẹ́tí sí ikọ́ náà títí epo fi tán.