Irin Ọgbà Ẹlẹ́dẹ̀ Lórí Òkìtì Iyanrìn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn elépo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìlàjẹ, ilẹ̀ gbígbẹ tí ìyá mi ní kò ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní mẹ́wàá sí lọ. Ẹ̀gẹ́ ló gbìn sí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sórí omi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí òkun bá ń ru tí ọkọ̀ kò lè jáde, púpurù ẹ̀gẹ́ yẹn la ó máa jẹ. Òórùn èéfín ara rẹ̀ kò tíì kúrò ní imú mi.

Kọ́ńpìnnì kan nínú wọn wá kó ẹlẹ́dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀sìn. Ará òkè kan ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀mọ̀wé tí kò lè wa ọkọ̀. Ó ta wáyà yí ẹlẹ́dẹ̀ ká, ó so ó mọ́ àpótí tó ní bátìrì, ó sì so àpótí náà mọ́ irin kan tó gbá mọ́ orí òkìtì iyanrìn. Ó ní irin yẹn ló ń mú iná wọlẹ̀, pé ẹlẹ́dẹ̀ tó bá fara kan wáyà, iná á gbé e.

Iná wo? Ẹlẹ́dẹ̀ ń fi wáyà họra. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti hú ìdajì ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Bí ìyá mi bá lọ fẹjọ́ sùn, ọ̀gá á nawọ́ sí iná kékeré ara àpótí.

"Màmá, ẹ ò rí i pé ó ń ṣẹ́jú ni? Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ó ń ṣẹ́jú lóòótọ́, ọ̀gá. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ń ṣẹ́jú, ó sì ń jẹun."

Àwa ará omi kì í rí okùn tó nà kí a má sá àwọ̀n sí i. Lọ́jọ́ kan, mo sá àwọ̀n tútù sórí wáyà yẹn, ìdí rẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe mí. Àfi bí mo ṣe fara ti irin orí òkìtì, ló bá gbé mi ṣánlẹ̀. Ọ̀gá sáré dé, ó ní àwọ̀n wa ti ba ọgbà òun jẹ́. Ìyá mi kọ́kọ́ gbá mi létí, kó tó kọjú sí i.

"Wáyà tó yẹ kó gbéni kò gbéni, irin tí kò yẹ kó gbéni ló ń gbéni. Iná yín ò rí ọ̀nà wọlẹ̀, ọ̀gá, orí irin ló jókòó sí. Iyanrìn yẹn gbẹ bíi gàrí. Ẹ gbé irin yín lọ sínú ẹrẹ̀ létí omi."

"Ta ló kọ́ yín ní iṣẹ́ iná?"

"Ẹ̀gẹ́ mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jẹun ọ̀sán. Ìyá mi yọ ẹnu bátìrì bó ṣe máa ń rí i tí ọ̀gá ń yọ ọ́, ó fa irin náà tu bí ẹni fa àlùbọ́sà, ó fi òòlù igi tí a fi ń gbá òpó ilé wọlẹ̀ gbá a mọ́ inú ẹrẹ̀ títí ó fi ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó dá ẹnu bátìrì padà, ó tún sá àwọ̀n tútù náà sórí wáyà, ó wá fi ọwọ́ tútù di irin mú. Kò gbé e. Ó ká àwọ̀n rẹ̀. Kò pẹ́ tí akọ ẹlẹ́dẹ̀ ńlá wá họra, ariwo tó pa, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ dá àjẹ̀ dúró.

Ìdajì ẹ̀gẹ́ tó kù yè. Nígbà tí àwọn ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ dé, ọ̀gá tiwa ní òun ló ronú kan ẹrẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ oko wa. Lónìí òkun ti jẹ ibẹ̀ tán, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń gbé ìwé ńlá wá láti sọ bí a ó ṣe dá a dúró. Wọ́n á dúró lórí pákó, wọ́n á bojú wo omi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn á sì ti máa dún láti padà lọ. Ọ̀gá tiwa sàn díẹ̀. Ó kéré tán, òmùgọ̀ ìgbà náà ń bá wa gbé.