Odindi Agolo Sàdíìnì Kan

Bí mo bá ti ṣí agolo sàdíìnì, tí òórùn òróró rẹ̀ ta sí mi nímú, àárò ẹni méjì ló máa ń sọ mí: Bàámi, àti ológbò tí òyìnbó tí Bàámi ń wa mọ́tò fún ní GRA Àpápá fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀.

Ológbò pupa rúsúrúsú, tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í jókòó jẹ́ẹ́. Nínú yàrá kan ṣoṣo tá à ń gbé l'Ájégúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń yọjú wo ìkòkò, èjìká Bàámi ló sì fi ṣe àga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sùn sẹ́sẹ̀ Màámi, àyà mi ń dún hẹ́ẹ́hẹ́ẹ́, ni Bàámi ṣí odindi agolo kan fún ológbò. Àwa ọmọ márùn-ún la sì máa ń pín ẹyọ kan!

"Bàámi, òun nìkan lẹ fún?"

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́."

Nígbà tó jẹun tán, Bàámi gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó jáde. Ọwọ́ òfo ló fi wọlé nírọ̀lẹ́. Mi ò kúnlẹ̀ kí i.

Mo dàgbà kí n tó gbọ́ pé dókítà ti sọ fún un pé irun ológbò náà ni kò jẹ́ kí n lè mí dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé ológbò náà lọ yẹn, Màámi fẹ́ gbọn irun pupa tó kù léjìká ẹ̀wù Bàámi dànù. Bàámi dì í lọ́wọ́ mú.

"Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀."