Bí Ìyá Àgbà Ṣe Ń Lọ Fọnná

"Ṣé wọn kì í ta ìṣáná n'Iléṣà ni?"

Obìnrin ilé kejì wa ní Igbona, l'Óṣogbo, ló ń bi ìyá àgbà mi bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, àpáàdì lọ́wọ́, ó wá fọnná. Èéfín igi tútù ti gba gbogbo ojúlé. Ìṣáná sì wà létí ìró ìyá àgbà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Wọ́n ń tà á, ọmọ mi," ó fi Ìjẹ̀ṣà ẹ̀ tó ki dáhùn. "Ìṣáná ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ilé kejì."

Obìnrin yẹn pòṣé. Ó ju ògúnná kan sínú àpáàdì, ó wọlé.

Òun ló ni kàǹga àdúgbò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Iléṣà ni, ó sì ní òun kì í jẹ́ kí ẹni tóun ò mọ̀ fami. Odò ni mo ti ń pọnmi. Kí n tó délé, ara mi á ti mu ìdajì.

Màámi sọ fún ìyá àgbà pé, "Ẹ má lọ fọnná lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́, ó ń fi yín rẹ́rìn-ín."

"Ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣé kò ti ń dá mi lóhùn nìyẹn?" Ìyá àgbà tún lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ń lọ ṣáá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibà ò jẹ́ kó dìde. A gbọ́ "àgò" lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ilé kejì ni, ó gbé iná wá, iná tó pọ̀.

"Ìyá Iléṣà, ẹ ò wá fọnná lónìí. Ṣé kò sí?" Ojú ẹ̀ bá ìṣáná lórí fèrèsé. Ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí! Ẹ rán ọmọ yẹn kó wá pọnmi, jàre."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwa oníṣẹ́ ọwọ́ jọ l'Óṣogbo pé kí wọ́n kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì kọ "break the ice" sójú pátákó. Èmi tí ìwé mi ò kọjá fọ́ọ̀mù tú, mo ń mi orí bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni kéèyàn ṣe nǹkan kékeré kan tó máa jẹ́ káwọn tí ò mọra wọn rí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní àwa ò mọ̀ ọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tá ò fi lẹ́ni.

Mo dìde. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó jiyàn, mo bá fi Yorùbá sọ ọ́: "Ọ̀gá, irọ́ ni. Ẹ kọ́ wa lórúkọ ẹ̀, a dúpẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Mẹkáníìkì ni mí. Tí mẹkáníìkì tuntun bá gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá fi gbogbo sípánà mi sílẹ̀, màá lọ yá tiẹ̀. Tó bá kọ̀, ilẹ̀ ń bọ̀ wá mọ́ lọ́la, màá tún lọ.